Ojú ta ni o fẹ́ lọ là?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọkùnrin ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Mararaba lẹ́bàá Ábújá ni mò ń gbé. Mass Communication ni mo kà, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù ṣe fídíò. Mo fẹ́ yọ̀ǹda ara mi fún àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera, ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀, kí n lè la àwọn ará Òkè Ọya lójú, torí àìmọ̀kan ló ń mú kí wọ́n máa kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bọ̀dá kan ní Wuse ní òun á bá mi gba fọ́ọ̀mù UN ní ₦250,000. Ṣé kí n san án? Kámẹ́rà wo ni kí n sì rà?"

Ìdáhùn: Àbúrò, má san kọ́bọ̀. Ìwọ ni ẹni karùn-ún tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí láàárín oṣù kan, ó sì ti ń sú mi. UNV, ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bonn ní Jámánì, kì í gba owó fọ́ọ̀mù, kì í gba owó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí bọ̀dá kankan ní Wuse tó ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì ló ní.

Àwọn tó bá lọ máa ń gba owó tí wọ́n á fi jẹun, tí wọ́n á fi gbalé. Kì í ṣe owó oṣù. Àwọn tó ń ṣe tiwọn lórí kọ̀ǹpútà láti ilé kì í gba nǹkan kan. Bákan náà, ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ ṣe é ní Nàìjíríà, ipò ti ọmọ onílẹ̀ ni yóò wá. Ipò ti àgbáyé, ìlú ẹlòmíì ni wọ́n á rán ọ lọ. Mi ò sọ èyí lórúkọ àjọ kankan o, ìlànà sì máa ń yí padà, nítorí náà lọ ka ojú ewé wọn fúnra rẹ.

Ohun tó tiẹ̀ bí mi nínú jù nínú lẹ́tà rẹ, kì í ṣe ti bọ̀dá yẹn. Àìmọ̀kan tí o fi kan àwọn èèyàn tí o ò tíì rí sójú ni.

Bí èmi náà ṣe wọ iṣẹ́ yìí nìyẹn, mi ò ní parọ́. Àjọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ wọn sílẹ̀, rán wa lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Kano, lórí ọ̀rọ̀ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ṣe ìwé pélébé tí a pín: bébà tó ń dán, àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ Hausa tí wọ́n bá wa túmọ̀ nínú ọ́fíìsì l'Ábújá. Mo ń yangàn kiri. Ní ọjọ́ kẹta, mo dúró ra kosai, àkàrà tiwa náà ni, lọ́wọ́ ìyá kan létí títì. Ó ya bébà, ó fi wé e, ó nà án sí mi. Mo wò ó, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Epo ń ṣàn gba orí ẹ̀rín ọmọ náà bọ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́.

Mo ní kí dírẹ́bà wa bá mi bi í bóyá ó ka ohun tó wà lára ẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀wé o. Ajami ló mọ̀ ọ́n kà, ìyẹn Hausa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Bókò, ìyẹn lẹ́tà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, la fi kọ tiwa. Ó wá ní bébà wa ò tiẹ̀ dáa fún nǹkan kan, kì í fa epo.

Mo bi í kí ló dé tí kò jẹ́ kí wọ́n kán oògùn náà sẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó gbé ṣíbí tó fi ń yí àkàrà sílẹ̀. Ó ní ibà ṣe ọmọ òun lóṣù tó kọjá, òun gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí Panadol, kí òun lọ rà á níta. Oògùn tí òun ò wá béèrè wá nìyí, ọ̀fẹ́, wọ́n ń gbé e wá bá òun lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún wá, wọ́n tún wá. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Jọ̀ọ́, àbúrò, fi ọwọ́ kan ibi tí àìmọ̀kan wà níbẹ̀ fún mi. Ẹni tí kò yá ọ ní iyọ̀ rí, tó wá ń gbé ẹran wá fún ọ léraléra, ṣé o ò ní bi í? Dírẹ́bà wa, tó jẹ́ pé títúmọ̀ ló yẹ kó máa túmọ̀, ti ń mi orí pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, Kano ní ohun tí wọ́n ń rántí. Ní 1996, nígbà tí meningitis, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, ń pa ọmọ nílẹ̀ náà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀. Nǹkan bí 200 ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Ní 2009 Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 75, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Nígbà tí Kano fi dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, tí àrùn náà sì ti ibẹ̀ tàn dé àwọn ilẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní 1996 nílò kí wọ́n sọ ìtàn fún un? Àṣìṣe ńlá ni ìdádúró yẹn, àwọn ọmọ ló sì jìyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pósítà ló tán an. Àwọn ọba àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Oògùn tí wọ́n sì padà gbà ní 2004, Indonesia ló ti wá, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ó tó 2020, oṣù kẹjọ, kí wọ́n tó kéde pé oríṣi kòkòrò àrùn náà tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

O lè ní Hausa nìyẹn. Ó dáa, jẹ́ ká wá sílé. Oṣù kẹjọ 2014, Ebola ti wọ Èkó. Aago mẹ́ta òru ni màmá mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n sì mu díẹ̀. Mo yọjú sí fèrèsé ní Kubwa, iná ti wà ní ilé ìdáná aládùúgbò mi, ọkùnrin tó ní ìwé ẹ̀rí méjì ní yunifásítì, ó ń se omi. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ó kéré tán èèyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà torí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ṣé èmi wẹ̀ ẹ́? Mi ò ní dá ọ lóhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ìwé ni aládùúgbò mi kò kà. Ẹ̀rù ń bà á, ẹni tó fọkàn tán ló sì tètè pè é, ṣáájú ìjọba.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ò ń wá yìí, tí wọ́n ń pè ní risk communication, ìyẹn bíbá aráàlú sọ̀rọ̀ nígbà ewu, ìdajì ẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí o lọ gbọ́. A ní ìwé kan tí a ń pè ní ìwé àhesọ. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an, la máa ń kọ síbẹ̀, láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé yẹn làwọn dókítà máa ń fẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà wọ ìwé tiwa. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́, torí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Òkè Ọya ni wọ́n ti padà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn ibà àti àwọn oògùn kéékèèké míì dání pẹ̀lú ti àjẹsára. Panadol ṣe ohun tí bébà mi tó ń dán kò lè ṣe láéláé.

Ó tún ku kiní kan: ọkùnrin ni ọ́. Ilé tí obìnrin wà ní kulle, ìyẹn àwọn ìyàwó ilé tí ọkùnrin àjèjì kì í rí, o ò lè wọ̀ ọ́, bó ti wù kí káàdì tó wà lọ́rùn rẹ tóbi tó. Àwọn obìnrin àdúgbò náà gan-an ló ń wọlé. UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú wọn jọ ní nǹkan bí 2012. Ẹ̀yìn wọn ni ipò tìrẹ wà; tí ìyẹn bá máa dùn ọ́, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà? Má tíì rà á. Má sì ya ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi òkò lé mọ́tò torí ẹ̀. Tí o bá dé oko iṣẹ́, má jáde láìjẹ́ pé àwọn tó ń rí sí ààbò ní kí o jáde. Tí ìyá kan bá bi ọ́ pé oògùn mélòó ni kí ọmọ òun lò, nọ́ọ̀sì ni kí o júwe fún un. Èmi kì í ṣe dókítà, ìwọ náà kọ́.

Kọ́ Hausa. Mallam tó ń ta súyà níwájú ilé yín á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ tí o bá ń ra tirẹ̀. Lọ́jọ́ àjẹsára, lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọ, gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn ìyá, pa fóònù, máa gbọ́. Ṣe é fún oṣù méjì, kọ ohun tí o gbọ́. Mo ti jókòó nídìí tábìlì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bíi mélòó kan, ẹni tó bá kó fídíò wá pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó lè sọ fún wa pé "ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an rèé", a kì í rí ju ẹyọ kan lọ.

₦250,000 yẹn, tọ́jú ẹ̀ sí báǹkì. Kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé fún ọ, wàá kọ́kọ́ jẹun.