Ọmọ mi fẹ́ẹ́ pé ọdún 17, ó ní òun fẹ́ wakọ̀: ta ni yóò jókòó tì í?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọdún kẹrin wa rèé ní London. Ọmọ wa ọkùnrin yóò pé ọdún 17 lóṣù tó ń bọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀ ju ọkọ̀ kíkọ́ lọ. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ti ń múra. Bàbá rẹ̀ ti gba láísẹ́ǹsì ibí, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì. Èmi wakọ̀ l'Ékòó fún ọdún mọ́kànlá, láísẹ́ǹsì Nàìjíríà mi ò sì tíì kú. Ṣé mi ò lè máa kọ́ ọ fúnra mi? Bàbá rẹ̀ tún ní òun á fi orúkọ ara òun ṣe ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí ọmọ á máa wà, torí iye tí wọ́n pè fún ọmọ náà ń dẹ́rù bani. Àbí kí n tiẹ̀ ní kó dúró di ọdún 18 bíi tilé? (Ìyá ọmọ, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ o, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín: rárá, ẹ ò lè jókòó tì í. Ẹni tó bá máa jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ̀ nílùú yìí gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 21 lọ, kó sì ti ní láísẹ́ǹsì gidi fún ọdún mẹ́ta, ti ibí tàbí ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan. Ti Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Bàbá ọmọ pàápàá kò tíì tó o, àfi tó bá di ọdún mẹ́ta. Ó sì ku ohun kan tẹ́ ẹ ò bi mí: ọdún kan péré ni òfin gbà wá láyè láti fi láísẹ́ǹsì ilé wakọ̀ lẹ́yìn tá a bá ti ń gbé ibí. Ẹ̀yin ti lo mẹ́rin. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń yọ́ gbé ọkọ̀ bàbá lọ sọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ná.

Ní ti ìkánjú ọmọ, mi ò bá a wí. Èmi ò lọ sí iléèwé awakọ̀ kankan nílé. Peugeot 504 àbúrò bàbá mi ni mò ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé n'Íbàdàn, odindi ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní, "Gbé e wọlé." Láti ẹnu géètì dé abẹ́ igi máńgòrò, ọkọ̀ yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ òsì mi ń gbọ̀n lórí kílọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo dàgbà lójú ara mi. Láísẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀lé e nígbà tó yá ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ló ń wo ọmọ pé ó ti tó, ìwé á wá bọ̀ lẹ́yìn. Níbí, ìwé ló ń ṣáájú. Ìjọba ló ń sọ fún ọmọ pé ó ti tó, nínú àpòòwé tí wọ́n kọ orúkọ òun fúnra rẹ̀ sí. Káàdì aláwọ̀ ewé ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá yege, wọ́n á fún un ní píǹkì. Ọmọ kan tí mo kọ́ fi píǹkì tirẹ̀ há ẹ̀yìn fóònù, níbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 16 ti ń dá wakọ̀. Ní Jámánì, 18 ni, àfi tí àgbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá jókòó tì í láti 17. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá gbọ́njú nílé wa láyé àtijọ́, ọkọ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín èyí àti ọkọ̀.

Nítorí náà, mi ò rí ohun tí dídúró di 18 máa ṣe. Láti ọdún 15 àti oṣù mẹ́sàn-án ló ti lè béèrè káàdì akẹ́kọ̀ọ́, £34 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wúlò fún ìdánimọ̀ níbi púpọ̀. Tó bá ti pé 17, kó lọ ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: £23, ìbéèrè 50, ó gbọ́dọ̀ gba 43, ó sì tún gbọ́dọ̀ yege nínú apá tí wọ́n ti ń wo ewu lójú ọ̀nà nínú fídíò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lè gba ọjọ́ fún ti ojú títì, èyí tó jẹ́ £62 láàárín ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdúró pọ̀ sí, oṣù lórí oṣù. Ọkọ̀ rírà ni kò kánjú. Ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tó bá ní káàdì Zip.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yẹn ló bà mí lẹ́rù. "Fronting" ni wọ́n ń pe ohun tí bàbá ọmọ fẹ́ ṣe, ẹ̀tàn sì ni lójú òfin. Tó bá jẹ́ pé bàbá ló ń wa ọkọ̀ náà jù lóòótọ́, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mọ́ tirẹ̀, kò sí láburú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ ló ń gbé e lọ síléèwé lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan ni wọ́n máa wádìí, kọ́ńpìnnì sì lè ní àwọn ò san kọ́bọ̀. Tí ọlọ́pàá bá wá kà á sí pé ọmọ wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì, £300 ni, pẹ̀lú póìǹtì mẹ́fà, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá sì kó póìǹtì mẹ́fà láàárín ọdún méjì tó kọ́kọ́ yege, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, á tún ìdánwò méjèèjì ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Owó tí bàbá fẹ́ fi pamọ́ ló máa gba píǹkì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì oní-"black box" dípò rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń jíṣẹ́ bí ọmọ ṣe ń sáré àti àkókò tó ń rìn. Ó sábà máa ń dín owó ọ̀dọ́ kù. Tó bá ṣì ń kọ́, ìnṣọ́ránsì akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ wà.

Ta ni yóò wá jókòó tì í? Olùkọ́ tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹ wo báàjì aláwọ̀ ewé lára gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Wákàtí bíi 45 lọ́dọ̀ olùkọ́ àti 22 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbí ni ìjọba ní àwọn tó ń yege sábà ń lò. Fún 22 yẹn, ẹ wá ẹni kan nínú ẹbí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti tó ọdún mẹ́ta, tí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ sì bo ọmọ náà. Kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́. Kò sì gbọdọ̀ di fóònù mú: ọmọ ló di sítíárìn mú o, ṣùgbọ́n òfin fóònù mú ẹni tó jókòó tì í náà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ọdún mọ́kànlá Èkó kò ṣòfò, àmọ́ ẹni tó bá ti wakọ̀ l'Ọ́jọ́ta mọ bí wọ́n ṣe ń já ọ̀nà gbà ju bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ lọ. Ìdánwò àkọ́kọ́ tèmi níbí, ẹnu ráńdábáòtù ni mo ti fìdí rẹmi. Mo ki orí ọkọ̀ bọ̀ ọ́ bí ìgbà tí mo wà ní Mọ́kọ́lá, olùdánwò sì fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ bíréèkì. Àṣìṣe kéékèèké 15 kò ní kéèyàn má yege, ṣùgbọ́n ẹyọ ńlá kan ti tó láti fìdí rẹmi. Fọ́ọ̀mù káàdì akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni kẹ́ ẹ kún lálẹ́ òní: tiẹ̀ kan, tiyín kan.