Fíùsì Ńlá Kò Lè Gba Ọkọ̀ Ojú Omi Yín Là

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra ọkọ̀ fáíbà tòkunbọ̀ kan ní Ìkòròdú. Súwíìṣì pọ́ǹpù tó ń fa omi dànù nínú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Orúnkún èrò tàbí okùn á gbá a, á tàn, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, bátìrì ti kú. Fíùsì rẹ̀ náà ń já ṣáá, ni rewáyà bá yọ ámpù 5, ó fi 30 sí i. Kò já mọ́. Ṣé kí n ra bátìrì tó tóbi sí i, kí n sì pààrọ̀ iná ọkọ̀ náà?

Ìdáhùn: Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ fi bátìrì sílẹ̀ ná. Fíùsì 30 yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́: fíùsì kì í fún pọ́ǹpù lágbára. Wáyà ló ń ṣọ́. Tí iná bá pọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ, fíùsì ló yẹ kó kú, kí wáyà má bàa jó. Tí 5 bá ń já, nǹkan kan ló ń fà á. Ẹ tú ìdí pọ́ǹpù náà wò. Nínú ọkọ̀ ojú ọ̀sà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni mo sábà máa ń bá tó ti lọ́ mọ́ abẹ́bẹ̀ inú rẹ̀. Abẹ́bẹ̀ ò lè yí, iná tó ń fà á sì pọ̀ kọjá àlà. Tí kì í bá ṣe ọ̀rá, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà tí wọ́n fi téèpù wé: omi iyọ̀ á ti wọ̀ ọ́, bàbà á ti hu ìpata aláwọ̀ ewé.

Pẹ̀lú 30, kò sí ohun tó máa já. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á máa gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á máa yọ́, nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí òórùn bẹntiróòlù ń rọ̀gún sí, torí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ṣé ó yé yín? Iye fíùsì tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù ni kí ẹ fi, kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé.

Súwíìṣì ò le. Ẹ gbé e sókè síbi tí orúnkún ò dé, tàbí ẹ ra èyí tó ní ìdérí tí a ń ṣí kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa o. Ọjọ́ tí omi bá wọlé, ẹ ò ní rí i ṣí.

Ẹ fi súwíìṣì àgbà sí ìdí bátìrì, kí ẹ máa pa á tí ẹ bá gúnlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá: pọ́ǹpù tó ń tan fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá gbé ohun tó ń léfòó lára rẹ̀ sókè. Tààrà láti bátìrì ni, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì. Òjò òru ò ní dúró dè yín. Mi ò tíì rí ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iná ọkọ̀ ojú omi wò ó. Ti ilé yàtọ̀.

Iná LED dára, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ bátìrì. Iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ẹ bá kọjú síwájú: pupa ní òsì, àwọ̀ ewé ní ọ̀tún. Tí ẹ bá gbé e sódì, ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ò ní mọ apá ibi tí ẹ kọjú sí.