Ṣé a lè lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi Òwu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méje la fẹ́ lọ wo omi Òwu ní Ọ̀wá Kájọlà, a ti ń dáwó bọ́ọ̀sì báyìí. Àwọn kan ní ká lọ lóṣù kẹsàn-án torí ìgbà yẹn lomi ń pọ̀ jù, èmi ní ká jẹ́ kí òjò lọ ná. Mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, àwọn mẹ́ta nínú wa ò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ bá wa dá sí i. (Ọmọ Tanke, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò sẹ́ni tó gọ̀ nínú yín, ohun tẹ́ ẹ ń wá lọ ni ò jọra. Ẹni tó fẹ́ wòran, kó bá òjò lọ. Ẹni tó fẹ́ wọnú omi, kó jẹ́ kí òjò ti lọ tán.

Òwu kì í ṣe odò tó ń rọra ṣàn kọjá, orí àpáta ló ti ń já wálẹ̀ gbuu, wọ́n ń kọ ọ́ káàkiri pé ó tó 120 mítà, àwọn kan tiẹ̀ ní òun ló ga jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà (èmi ò bá ẹnikẹ́ni du ìyẹn, ẹni tí omi ń fọ́n sí lójú nísàlẹ̀ ibẹ̀ ò ráyè à ń wọn òkè). Lóṣù kẹsàn-án ẹ ò ní fẹ́ẹ̀ rí àpáta yẹn mọ́, omi á ti bò ó. Tó bá fi máa di oṣù kejì ẹ̀wẹ̀, ó ti tín-ín-rín. Tó bá jẹ́ tèmi, ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá ni, òjò ti dáwọ́ dúró, odò ò sì tíì gbẹ, àmọ́ omi yẹn tutù o, ọyẹ́ tún wà níta, ẹ mú aṣọ míì dání.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń pa èèyàn. Ibi tí omi ti ń já lu omi, tẹ́ ẹ̀ ń rí i tó ń hó funfun bí ọṣẹ yẹn, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀, irú omi bẹ́ẹ̀ kì í gbé èèyàn léfòó, ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa ní swimming pool òtẹ́ẹ̀lì á máa fọwọ́ wa omi, kò ní kúrò lójú kan, omi á tún máa fà á padà sábẹ́. Ẹ jìnnà síbẹ̀. Ibi tómi ti tẹ́jú nísàlẹ̀, tí ò kọjá orúnkún, ibẹ̀ ló tó àwọn mẹ́ta yẹn, kẹ́ ẹ má sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ má fò sínú omi láti orí òkúta, ẹ ò mọ òkúta tó wà lábẹ́. Sílípáàsì ò dáa níbẹ̀, àwọn òkúta yẹn ń yọ̀ bí ilá, kàǹfáàsì tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Ohun kan tún wà. Òjò lè má kán tótó lọ́dọ̀ yín kó jẹ́ pé òkè odò lọ́hùn-ún ló ti ń rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tí omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ń pọ́n, tí ewé àti igi ń bá a bọ̀, tí ariwo ẹ̀ yí padà, ẹ má dúró ya fọ́tò kankan, ẹ gun òkè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló sì yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ti Kwara ni Òwu wà, Ìfẹ́lódùn yìí náà ni Òkè-Odè wà, níbi tí àwọn agbébọn ti pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lọ́dún 2025. Kẹ́ ẹ tó sanwó bọ́ọ̀sì, ẹ pe ẹni tó ń gbé lágbègbè yẹn, kì í ṣe dírẹ́bà o, dírẹ́bà tó ń wá èrò ò ní sọ fún yín pé ọ̀nà ò dáa. Tí wọ́n bá ní ẹ má tíì wá, ẹ gun òkè Ṣóbí nínú Ìlọrin níbí, kẹ́ ẹ padà sílé lọ jẹ wàrà yín.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ wẹ odò, ó ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Àwọn ará ilé ní ó ń dàgbà ni. (Ìyá Tọ́lá, Òmù-Àràn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́lá, àgbà kọ́ nìyẹn o. Ó jọ àtọ̀sí ajá. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé níbi tómi ti dúró tàbí tó ń rọra ṣàn ló ń tú kòkòrò ẹ̀ sómi, ara ló ń gbà wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi ọ̀hún. Ẹ gbé e lọ sọ́síbítù kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, praziquantel ni oògùn ẹ̀, bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀ nítorí náà ẹ má lọ rà á lásán ní kẹ́míìsì. Àwọn tí wọ́n jọ ń wẹ̀ náà, kí àwọn ìyá wọn gbé wọn lọ. Kí wọ́n má sì tọ̀ sódò mọ́, ìtọ̀ yẹn náà ló ń lọ bá ìgbín padà.