Ẹ Bi Wá: Àbẹ́là ìda oyin mi ò dúró dáadáa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń sin oyin níbí ní Ṣakí, tó bá sì ti fún oyin tán, ìda tó bá ṣẹ́kù kàn máa ń wà nílẹ̀ ni, ni mo bá kúkú ra mọ́ọ̀dù rọ́bà àti òwú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àbẹ́là. Àwọ̀ ẹ̀ dáa, ó ń ta sánsán, àmọ́ tí mo bá gbé e kalẹ̀ ńṣe ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ìdí ẹ̀ ga lápá kan, àárín ẹ̀ tún jin kòtò. Mo fi ọ̀bẹ gé e, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Sunday tó kọjá, ọ̀kan ṣubú lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run ló yọ wá, díẹ̀ báyìí ló kù kó ran aṣọ. Ẹ gbà mí o. Ìyá Ìbejì, Ṣakí.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Ọ̀bẹ yẹn, ẹ dá a padà sí kíṣìnnì jàre, ìda tó ti tutù kì í gbọ́ ti ọ̀bẹ. Àti pé kí n sòótọ́, tábìlì tẹ́ ẹ ń gbé mọ́ọ̀dù lé ni mo fura sí jù. Ṣebí orí àbẹ́là ló ń wà nísàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń da ìda, ẹnu mọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ń dà á gbà ló máa padà di ìdí ẹ̀. Ìda tó ti yọ́, omi ni, tí tábìlì bá dagun, mọ́ọ̀dù á dagun tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ojú ìda ní tiẹ̀ ò ní bá wọn dagun, bó sì ṣe dúró yẹn náà ló máa dì, tẹ́ ẹ bá wá yọ ọ́ kúrò tẹ́ ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, apá kan á ga ju ìkejì lọ. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà yá, ó dáa, tí ò bá sí, ẹ bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, ẹ gbé e sórí tábìlì, ibi tómi bá ti fẹ́ dà nù nibẹ̀ ti lọlẹ̀, ẹ ká pépà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tọwọ́ ibẹ̀.

Ti kòtò yẹn, ìda oyin máa ń súnkì tó bá ń tutù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dì, àárín á wá máa fà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú. Ẹ má dà á tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú ìkòkò, nígbà tí kòtò bá ti hàn, ẹ fi èyí tó kù dí i, kó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra.

Àwọn tẹ́ ẹ ti ṣe sílẹ̀ ńkọ́? Wọn ò bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi réṣà gé òwú tó yọ síta nídìí wọn, torí kiní kékeré yẹn nìkan tó láti mú àbẹ́là mì. Ẹ gbé omi kaná, tó bá ti ń hó ẹ dín iná kù, ẹ wá gbé páànù tí ìdí ẹ̀ tẹ́jú lé orí ìkòkò omi yẹn, kì í ṣe orí iná gangan o! Nǹkan bíi díígírì 62 sí 64 ni ìda oyin ń yọ́, omi tó ń hó ò sì ní kọjá 100, nítorí náà kò rọrùn kó gbiná níbẹ̀. Ẹ di àbẹ́là mú láàárín, kó nàró, ẹ gbé ìdí ẹ̀ lé páànù kẹ́ ẹ máa rọra yí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ibi tó ga lá kọ́kọ́ yọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ gbé e, ẹ wò ó, ẹ tún dá a padà. Èmi gbé tèmi kalẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí n lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kí n tó dé ó ti di aràrá. Èyí tó bá yọ́ sínú páànù, ẹ dà á padà sínú ìkòkò ìda, owó ni.

Ẹ wá gbé e sórí dígí tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ wo àbẹ́là àti èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú dígí, tí méjèèjì bá so pọ̀ bí ọ̀pá kan ṣoṣo, ó ti nàró ṣánṣán nìyẹn, tó bá ṣẹ́ bí ìgúnpá, ẹ padà sórí páànù. Ẹ wò ó láti iwájú, ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Àmọ́ èyí tó bá gùn tó tún tín-ín-rín, ìdí tó tẹ́jú ò tó o, ẹ ki ìdí ẹ̀ bọ inú ọ̀pá àbẹ́là kẹ́ ẹ tó gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ìda bá sì ṣèèṣì gbiná lórí gáàsì, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí dé e, ẹ má da omi sí i láéláé.

ÌBÉÈRÈ: Nǹkan funfun bí àtíkè ń yọ lára àbẹ́là ìda oyin tí mo tọ́jú. Ṣé ó ti bu ni? Olùkà kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Kò bu rárá. Ara ìda oyin ló ti ń yọ bẹ́ẹ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀, pàápàá níbi tó tutù. Ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, àbí kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ẹ̀rọ ìgbẹrun sí i fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í nù ún.