Iṣẹ́ Òru Tí Kò Rí Fódà Windows Wọ̀

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín. Ẹ̀rọ IBM i, tí àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ wa ṣì ń pè ní AS/400, ni ilé-iṣẹ́ wa ní Manchester ń lò. Àṣẹ CPY ni mo fi ń kó fáìlì rísíìtì àwọn oníbàárà lọ sínú fódà kan lórí sáfà Windows, ní /QNTC/SAFA1/RISIITI. Bí mo bá tẹ àṣẹ náà fúnra mi lọ́sàn-án, kì í ní ìṣòro, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá dá a ṣe lóru, àmì àṣìṣe CPFA09C ni mo máa ń bá nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ohun tí CPFA09C ń sọ ni pé ẹni tó ń béèrè kò ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó béèrè, ẹni náà gan-an ni kí ẹ sì kọ́kọ́ wá rí. QNTC, ọ̀nà tí IBM i ń gbà dé inú fódà Windows, kò ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ẹni tí iṣẹ́ náà ń lọ lábẹ́ rẹ̀ lórí IBM i ló máa ń gbé síwájú Windows, Windows yóò sì wò ó bóyá méjèèjì bá èyí tó wà lọ́wọ́ òun mu. Lọ́sàn-án, orúkọ tiyín ni, ó sì wà ní ìhà méjèèjì. Ẹ wá ṣí WRKJOBSCDE, àṣẹ tó ń fi àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti dá àkókò fún hàn, kí ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ òru yìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ QPGMR, orúkọ kan tó bá ẹ̀rọ wá, tí IBM kì í fún ní pásíwọ́ọ̀dù rárá. Bí ètò yín tilẹ̀ ń yá agbára QSECOFR (orúkọ alábòójútó àgbà ẹ̀rọ náà) lò, agbára àyálò bẹ́ẹ̀ kì í kọjá IBM i.

Ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan, bíi NETRISI, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù kan náà lórí ẹ̀rọ méjèèjì, kí Windows fún un láyè láti kọ nǹkan sínú fódà RISIITI nìkan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àṣẹ CHGJOBSCDE gbé iṣẹ́ òru sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má lo orúkọ ara yín, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá yí pásíwọ́ọ̀dù yín padà lórí Windows nìkan ni iṣẹ́ náà yóò dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ ṣí fódà náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà: ọ̀rọ̀ owó àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀.

Bí QPWDLVL, ìlànà tó ń pinnu irú pásíwọ́ọ̀dù tí IBM i ń gbà, bá wà ní 0 tàbí 1, pásíwọ́ọ̀dù kò lè ju lẹ́tà 10 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alábòójútó Windows lè béèrè èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan QPWDLVL, torí gbogbo òṣìṣẹ́ ni àyípadà rẹ̀ kàn, kì í sì í mú títí di IPL (títan ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀) tó bá tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ àṣẹ MKDIR ni ẹ fi dá /QNTC/SAFA1 sílẹ̀, kò ní sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn IPL, nítorí náà ẹ fi àṣẹ náà sínú ètò tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde.