Ohun tí awọ ojú àgbà ń fẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun tí o ń ro ti ìyá ẹ. O ní wọ́n ti lé ní ọmọ ọdún 55, ojú wọn ń fà, ó ń bó, ìpara tí wọ́n ń lò látijọ́ ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Adó-Èkìtì níbí ni mo wà, mo ti lé ní 60, ohun tó ń ṣe wọ́n yìí ti ṣe mí rí. Kí o tó ra ìpara kankan, wo ọṣẹ tí wọ́n fi ń bọ́jú ná.

Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, epo tí awọ ara máa ń sun fúnra rẹ̀ á dín kù, awọ á sì fẹ́lẹ́. Ọṣẹ dúdú tó bá ọmọge mu á wá kó ìwọ̀nba epo tó ṣẹ́ kù lójú àgbà lọ. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú o, mo ṣì fi ń wẹ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀, àmọ́ kò kan ojú mi mọ́. Ọṣẹ olómi tí kò lóòórùn ni mo fi ń bọ́jú lálẹ́. Láàárọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán. Kànrìnkàn ò sí níbẹ̀ rárá.

Òrí ló gbà mí nígbà ọyẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi pa ojú gbígbẹ. Bí wọ́n bá bọ́jú tán, tí omi ṣì wà lójú, kí wọ́n kọ́kọ́ fi glycerin díẹ̀ pa á. Kí wọ́n wá bu òrí tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí yóò fi yọ́, kí wọ́n sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú. Òrí kì í fún awọ lómi. Omi tó wà níbẹ̀ ló ń sé mọ́ ọn. Bí ojú wọn bá máa ń sú, kí wọ́n fi òrí sílẹ̀, kí wọ́n lo ìpara tó ní glycerin nínú.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ ni ti ìpara tí wọ́n ń pò sínú ike lọ́jà, tí wọ́n á ní ó ń sọ àgbà dọmọdé. Obìnrin kan pò ó fún mi. Ojú mi kọ́kọ́ dán, nígbà tó yá, oòrùn ń ta á bí ata, iṣan wẹ́wẹ́ sì hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Dókítà awọ ara ní steroid, oògùn líle kan, ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Hydroquinone tí wọ́n fi ń bó awọ náà ńkọ́? NAFDAC ò gbà kó ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Mẹ́kúrì tí àwọn kan ń pò mọ́ ìpara ní tiẹ̀ máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ike tí kò bá ti ní nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lára, má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ ló ń tà á.

Retinol, irú Vitamin A kan tí wọ́n ń fi sínú ìpara, máa ń dín ojú híhunjọ kù lóòótọ́, àmọ́ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tí o bá rà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi pa ẹ̀yìn etí fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n fi wò ó bóyá awọ wọn á gbà á.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ ẹ ò bá ju ti nǹkan kan lọ, sunscreen, ìpara tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn, tí wọ́n kọ SPF 30 (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà oòrùn tó) sí lára ni kí o rà, kí wọ́n máa fi pa ojú àti ọrùn láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà tàbí oko. Òrí ò wọ́n, wọ́n á rí ìyẹn rà fúnra wọn.