Ẹ Bi Ìyá Alásè: Èrò mẹ́rìndínlógún, bíìlì kan

*Ìyá Alásè, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston níbí. Lẹ́yìn ìpàdé tó kọjá, àwa mẹ́rìndínlógún ya ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò kan. Tọkọtaya kan àti àwọn ọmọ wọn ló ni ín. A kò pè wọ́n tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Àìkú sì ni, nítorí náà a dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Nígbà tí bíìlì dé, a pín in dọ́gba, ni ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ pé omi àti ọbẹ̀ nìkan ló mu bá fárígá pé òun kò ní san owó ọtí fún ẹnikẹ́ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ara kò tíì rọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn dùn, a sì fẹ́ padà lọ. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí kò fi ní di ìjà? — Akọ̀wé, Alief*

Akọ̀wé wa, ẹ kú ìfaradà. Kí n tó máa se oúnjẹ àríyá, agbáwo ni mí nínú irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Houston yìí kan náà, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri nígbà tí èrò mẹ́rìndínlógún bá yọ lójijì. Níta, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín sí yín. Nínú ilé ìdáná, màmá àgbà tó ń tẹ tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, á ti bojú wo abọ́ ìyẹ̀fun, á rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, á sì pariwo orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó wá po òmíràn kíákíá.

Ilé oúnjẹ ẹbí kì í ní ọwọ́ púpọ̀. Ìyá ló wà nídìí ìkòkò, bàbá ló ń yan ẹran, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé ló ń gbé omi kiri. Ẹ wo ilé oúnjẹ Ninfa's tó wà ní Navigation Boulevard, tí gbogbo Houston mọ̀. Opó ni Ninfa Laurenzo nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1973, pẹ̀lú tábìlì mẹ́wàá péré, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe tortilla tà tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wò ó kí èrò bíi tiyín kún ibi tábìlì mẹ́wàá láìsọ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ẹ sọ iye yín, kí ẹ sì dé lásìkò tí ẹ dá. Agogo mẹ́ta ti ìpàdé wa kì í ṣe agogo mẹ́ta tiwọn o! Ẹ yẹra fún ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nítorí ìgbà yẹn ni ìdílé wọn máa ń tú dé láti Mísà, tọmọdé tàgbà. Ẹ sì yẹra fún ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún pẹ̀lú. Ọjọ́ ìyá ti Mẹ́síkò nìyẹn, kì í yẹ̀ láti ọdún dé ọdún, kò sí ọmọ tó máa jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dáná lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ìjà yín wà. Ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ̀bi lójú tèmi. Ẹ gba owó oúnjẹ bí a ṣe ń gba owó aṣọ ẹbí: ẹni tí kò bá tíì san, ẹ má wọn tiẹ̀. Ẹ bi onílé pé èló ni ó máa gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó fi gbé oúnjẹ àjùmọ̀jẹ sáàárín tábìlì. Ká ní ó pè é ní dọ́là 24. Èèyàn 16 á jẹ́ 384. Owó orí ọjà ní Houston jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 31.68. Típì fún agbáwo, 20 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 76.80. Gbogbo rẹ̀ já sí 492.48. Tí ẹ bá gba dọ́là 32 lọ́wọ́ kálukú kí ìpàdé tó tú, ẹ ti ní 512 lọ́wọ́, ẹnì kan ló máa fi káàdì kan san án, ìyókù á bọ́ sápò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọtí margarita, kí agbáwo kọ tiẹ̀ sórí ìwé ọ̀tọ̀, kó sì sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń mu omi kò mọ nǹkan kan sí i.

Ẹ má fi típì ṣe àánú. Òfin gbà ní Texas kí wọ́n máa san dọ́là 2.13 fún agbáwo ní wákàtí kan, bí típì bá ti lè gbé e dé 7.25. Nítorí náà, owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ fún un yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ka bíìlì dáadáa: bí èrò bá pọ̀, àwọn ilé oúnjẹ mìíràn máa ń fi típì 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fúnra wọn. Bí ẹ bá ti rí “gratuity” níbẹ̀, ẹ ti san án nìyẹn. Ẹ má sì jókòó de bíìlì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò, kéèyàn gbé bíìlì wá láìjẹ́ pé oníbàárà béèrè dà bí ìgbà tó ń lé e, nítorí náà ẹ béèrè: “La cuenta, por favor.”

Ẹ kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Mùsùlùmí kò ní ṣàìsí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ẹ kíyè sí èyí gan-an. Ẹlẹ́dẹ̀ ni carnitas. Ẹlẹ́dẹ̀ ni al pastor. Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀, tó jọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń dín in, àwọn ni wọ́n ń pè é ní manteca. Ọ̀rá yẹn náà ni wọ́n sábà ń po mọ́ ìyẹ̀fun tamales kí wọ́n tó wé e sínú háhá àgbàdo. Ẹ̀wà olómi tí wọ́n ń pè ní frijoles charros, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Kí ẹnì kan nínú yín béèrè ní gbangba, “¿Lleva manteca?” Wọn kò ní bínú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹran pípa bá ká lára, edé tàbí ẹja ni kó mú.

Fún ìyókù, parrillada ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé wá. Ààrò kékeré ni wọ́n máa gbé ka orí tábìlì, èédú nínú rẹ̀, ẹran màlúù, adìẹ, edé àti àlùbọ́sà á máa ta ṣìì lórí rẹ̀, kálukú á máa mú tortilla gbígbóná fi dì í. Soseji wọn tó ń jẹ́ chorizo sábà máa ń jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ sì rọra pẹ̀lú ègé tortilla díndín àti salsa, ọbẹ̀ ata wọn, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ibẹ̀, wọ́n á sì máa rọ ọ́ kún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi yó kò ní lè fọwọ́ kan ohun tó sanwó fún.

Kí ẹ sì dákun, kí ẹnikẹ́ni má pariwo pé ata wọn kò ta. Salsa tó wà lórí tábìlì, ti gbogbo ayé ni. Ẹ béèrè fún ti habanero, tó jẹ́ ọmọ ìyá ata rodo wa, tàbí chiles toreados, ata tútù tí wọ́n yan títí ara rẹ̀ fi bó. Ẹnu ẹni tó ń pariwo á pa mọ́.

*Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn kò lè jẹ “ewé tútù àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ”. Kí ni mo lè rà fún wọn nílé oúnjẹ Mẹ́síkò? — Ọmọ Màmá, Katy*

Ẹ gbé màmá lọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì béèrè fún menudo. Ṣàkì ni, wọ́n sè é títí ó fi rọ̀, nínú omi ọbẹ̀ tó fi ata pupa gbígbẹ pọ́n, pẹ̀lú àgbàdo tó wú ńlá-ńlá. Wọ́n á gbé àlùbọ́sà gígé àti ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sè é. Bí ó bá ti tán, caldo de res ni, omi ẹran màlúù tó ní egungun, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti odidi àgbàdo tí wọ́n gé sí méjì. Ní ti ohun mímu, ẹ ra agua de jamaica. Ìṣápá pupa ni wọ́n fi ń ṣe é, zobo gan-an ni, màmá kò ní bi yín ní ìbéèrè kankan. Horchata náà dára, ìrẹsì àti cinnamon ni tàwọn ará Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún màmá pé òfio làwọn ará Valencia ní Sípéènì fi ń ṣe tiwọn.

*Bàbá wa pé àádọ́rin ọdún, ìjòyè ni wọ́n. Ṣé a lè gbé kéèkì àti kúlà jọ́lọ́ọ̀fù lọ sílé oúnjẹ Mẹ́síkò? — Olú, Richmond*

Kéèkì, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n sábà máa ń gbà. Jọ́lọ́ọ̀fù, rárá o, ẹ fi sílé! Oúnjẹ ni wọ́n ń tà. Ohun tí ẹ kò béèrè ló ṣe pàtàkì jù: bí wọ́n bá gbọ́ pé ọjọ́ ìbí ni, àwọn agbáwo lè yí bàbá ká pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́, kí wọ́n sì dé akẹ̀tẹ̀ ńlá lé wọn lórí. Bí Olóyè kì í bá ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, ẹ ti sọ ọ́ létí agbáwo kí ẹ tó jókòó.